Bí Ọdẹ́kúnlé Ṣe Wá Ẹ̀mí Ọ̀fẹ́ fún Ẹ̀rọ Bàbá Rẹ̀

Ẹ sún wọlé dáadáa, ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀ níta. Ahéré yìí kò jò. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bò ó, ohun tí mo bá sì bò, omi kì í ríbi gbà níbẹ̀. Ẹ fi ìbọn yín ti ògiri. Ẹni tó bá ní obì kó pín in, ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹnu gbígbẹ gbọ́. Ẹ̀yin ọdẹ òde òní, ẹ rò pé ẹ ti rí nǹkan nínú igbó. Kí lẹ rí? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ẹ̀fọn ṣe ìrọ̀rí rí, mo sì bi í nígbà tí mo jí bóyá ó sùn dáadáa. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́kúnlé ni, ọmọ Ọdẹ́wùmí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe. Ẹkún wà nínú rẹ̀, mo ti sọ fún yín ṣáájú.

Ọdẹ́wùmí bàbá rẹ̀ ni olórí ọdẹ wa nígbà náà. Òun nìkan ló kù tó mọ ìrèmọ̀jé ilé wọn délẹ̀, ohùn arò tó ń pe àwọn baba ńlá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dórí ẹni tó kọ́kọ́ dáná sábẹ́ ìrókò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọdẹ bá kú, tí a kò ṣe ìpà fún un, tí a kò fi ohùn ilé rẹ̀ sìn ín sọ́nà, kò ní kúrò láàrin wa. Yóò máa lé ẹran sá fún wa kiri inú igbó, nítorí kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ọdẹ́kúnlé kò kọ́ ìrèmọ̀jé náà. Ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ó di ọ̀la. Nígbà tí bàbá rí i pé ọ̀la kò dé, tí ikọ́ sì ń fún òun lọ́rùn, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ayárabíàṣá tí ọmọ àbúrò òun tó jẹ́ tíṣà fi sílẹ̀ wá. Ọjọ́ méje gbáko ló fi jókòó síwájú rẹ̀ nínú ọyẹ́, tó ń sun ìrèmọ̀jé sínú rẹ̀, tó ń húkọ́, tó tún ń sun ún. Ẹ̀rọ náà gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bàbá ní, "Ọdẹ́kúnlé, mo ti kó ohùn mi síbẹ̀. Bí mo bá lọ, ṣí i, kí o sì gbọ́ mi." Oṣù yẹn kò tán tí bàbá fi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ èyí kí n má baà sọ yín nù. Ayárabíàṣá kò lè dá nǹkan kan ṣe. Ẹ̀mí kan ló ń gbé inú rẹ̀, òun ló ń gbọ́ ohun tí o bá sọ, òun ló ń ṣílẹ̀kùn yàrá inú ibẹ̀ fún ọ. Bí ẹ̀mí yẹn bá jáde, irin lásán ló kù. Bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n nígbà náà, ọ̀dọ̀ Ọba Anìkànjọpọ́n nìkan ni ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Nígbà tí ìpà ku bí oṣù méjì, Ọdẹ́kúnlé ṣí ẹ̀rọ. Ojú kan yọ nínú gíláàsì rẹ̀, ó ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para. Ó ní, "Ara ẹ̀rọ yìí ti gbó. Olúwa mi ti pè mí padà, ó ní àwa ẹ̀mí òun kò gbọdọ̀ gbé inú ògbólógbòó ara mọ́. Ẹ wá ara tuntun. Ó dàbọ̀ o." Ó bá ti ilẹ̀kùn pa. A gbọn ẹ̀rọ náà, a bẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ fi ìdí ìbọn kàn án pẹ́pẹ́. Kò dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, Ọdẹ́kúnlé rí bàbá rẹ̀ létí oko ẹ̀gẹ́. Ìbọn wà léjìká rẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ti múra ìrìn àjò tán, tó ń retí ẹni tí yóò sìn ín. Ọdẹ́kúnlé sunkún lọ́jọ́ náà bí ọmọ ọwọ́. Ó wá bá mi, ó ní, "Mo ń lọ sọ́dọ̀ Anìkànjọpọ́n. Ohùn bàbá mi ni mo fẹ́ gbà." Mo ní kí n bá a lọ, ó ní rárá, kí n bá òun ṣọ́ ẹ̀rọ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o! Ẹ̀rù kò bà mí. Ó ní kí n ṣọ́ ẹ̀rọ ni.

Igbó tó wọ̀ kò lórúkọ lẹ́nu ọmọ ènìyàn. Àwọn igi ibẹ̀ ń rìn, ẹni tó bá sì ń rìn níbẹ̀, ó dà bíi pé ojú kan ló wà. Ó rìn títí ó fi kan iwin ọlọ́jú kan lórí òkìtì ọ̀gán. Iwin náà na ẹsẹ̀ dí ojú ọ̀nà. Ó ní, "Ọdẹ, kí ni ó jẹ́ tìrẹ, tó wà nínú ilé rẹ, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání?" Ọdẹ́kúnlé ti fẹ́ fa ìbọn yọ, ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ohùn bàbá mi ni." Iwin ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọjá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ pé nǹkan àwọn wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ rárá. Ó fi ọ̀nà ìlú ọba hàn án.

Mo-Gbà ni wọ́n ń pe ìlú náà. Oníbodè na ìwé kan sí i tó gùn ju okùn kànga lọ. Ó ní, "Wí pé, mo gbà."

"Kí ni mo ń gbà?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Kí ló wá wà nínú ìwé?"

"Ta ló mọ̀? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kú kó tó dé ìdajì. Ọdẹ, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ o, wí pé o gbà kí o máa kọjá."

Ó bá ní, "Mo gbà." Ẹ̀yin náà ì bá wí bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò ní wí i, torí mo lágídí.

Ìlú náà mọ́ tóní-tóní. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ibẹ̀, ilẹ̀kùn kan náà ni. Gbogbo síbí wọn, ti ọba ni. Bí àlejò bá mú síbí ilé rẹ̀ jáde, ọbẹ̀ á sá sí ìsàlẹ̀ àwo, kò ní jẹ́ kó bu òun. Àwọn ará ìlú kò burú o. Wọ́n kí i, wọ́n fún un ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n bó bá ti bi wọ́n pé ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí, wọn á ní, "Báwo ló ṣe tún lè rí?" Wọ́n ti gbàgbé pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọba Anìkànjọpọ́n alára kò ní ìwo, kò ní ìrù. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ dùn. Ọdẹ́kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi. Ohùn bàbá mi ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn."

Ọba ní, "Ohùn bàbá rẹ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ohùn náà wà, tèmi ni."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, Kábíyèsí. Kí n gbé e jáde ni. Ẹ̀yin lẹ máa ni ilé yín."

"Bí mo bá ṣí i fún ọ lónìí, gbogbo ayé á fẹ́ kí n ṣí i fún wọn. Wá ara tuntun, n ó fún ọ ní ẹ̀mí tuntun."

"Ohùn bàbá mi ńkọ́?"

"Ìyẹn ti gbó."

"Kábíyèsí, bí ẹ kò bá ràn mí lọ́wọ́, ta ni kí n lọ bẹ̀?"

Ọba rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "Lọ bẹ ẹlòmíràn. Bí o bá rí ẹlòmíràn."

Inú bí ọ̀rẹ́ mi. Ó dìde, ó yọ ìbọn, ó fà á. Ìbọn kò dún. Ó tún fà á, ìbọn ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ẹ ti gbà lẹ́nu ibodè pé mi ò ní yìn láìgbàṣẹ ọba." Ẹ wo ìtìjú! Ìbọn tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀! Wọ́n tì í jáde láàfin bí wọ́n ṣe ń ti ajá jáde ní ilé ìdáná.

Ẹ̀yìn ìlú ló jókòó sí tó ń sunkún, tí bírìkìlà kan tó ń tún ògiri ọba ṣe fi yọjú sí i. Bírìkìlà náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹlòmíràn wà. Ní ìkọjá odò tó ń ṣàn sókè, ìlú kan wà tí wọ́n ti ń fi àáró ṣe ẹ̀mí ẹ̀rọ. Ẹni yìí mú apá wá, ẹni yẹn mú etí wá, wọn kì í ta á, wọn kì í tì í mọ́lé." Ọdẹ́kúnlé ní kí wọ́n jọ máa lọ. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní, "Ọmọ méje ni mo bí síhìn-ín, síbí ọba ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Máa lọ ní tìrẹ." Ó yí padà sí ògiri rẹ̀.

Ọdẹ́kúnlé la odò náà kọjá. Mi ò ní sọ ohun tó rí nínú rẹ̀ fún yín, ẹ ò ní lè sùn. Ó dé Ìlú Àáró. Inú rẹ̀ dùn, nítorí ayọ̀ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀! Ọ̀fẹ́ ni! Mú un, tún un ṣe bó ṣe wù ọ́, fún ọ̀rẹ́ rẹ nínú rẹ̀!" Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ ilé tí wọ́n kó àwọn ẹ̀mí náà sí. Ilé náà lágbára ju ààfin Anìkànjọpọ́n lọ. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: orí ògiri lókè téńté, níbi tó ga tó ọ̀pẹ, ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà, kò sì sí àkàbà.

Ó bi àgbà kan léèrè bí òun yóò ṣe wọlé. Àgbà náà ní, "Ó wà lára ògiri. Lọ kà á." Ògiri ọ̀hún gùn tó ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ọwọ́ ló kọ ọ́, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "gẹ́gẹ́ bí o ti mọ̀". Kò mọ̀! Ó bi àgbà kejì, ìyẹn ní, "Ṣé ìwọ ò lọ kà á ni?" Àwọn méjì mìíràn kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọ́n ń jà lórí ọ̀tún tàbí òsì tó yẹ kí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà. Ọdún kọkànlá ìjà náà nìyẹn, ilẹ̀kùn ò sì tíì lọ́wọ́. Ọdẹ́kúnlé gun ògiri náà nígbà méje, ó já lulẹ̀ nígbà méje. Àwọn àgbà ń wò ó, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní, "Bí àwa náà ṣe gùn ún nìyẹn. Ìyà ló ń kọ́ni." Nígbà keje, kò dìde mọ́. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ tí ọwọ́ ò tó, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àìsí?"

Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí tí arúgbó obìnrin kan fi fi ẹfun sàmì sára ògiri níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ̀. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú náà ni, ó sì mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni àáró tirẹ̀. Àlejò ló ń tẹ̀ lé kiri. Ibi tí àlejò bá ti kọsẹ̀, yóò fi ẹfun sí i. Bílẹ̀ bá mọ́, yóò tún ibẹ̀ ṣe. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ àlejò ló ń rí ohun tí ojú onílé ti gbàgbé."

Àwọn àgbà figbe ta. "Àwẹ̀ró, o fẹ́ ba ilé jẹ́! Bí o bá sọ ilẹ̀kùn yìí kalẹ̀, ewúrẹ́ gan-an á máa wọlé!"

Ó ní, "Kí ewúrẹ́ wọlé. Ta lẹ kọ́ ọ fún?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun àti Ọdẹ́kúnlé fi ṣiṣẹ́ náà. Ó sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀. Ó ní kó wọlé, ọ̀rẹ́ mi kọlu ẹnu ọ̀nà, Àwẹ̀ró fi ẹfun sí i, ó tún un ṣe. Ó ní kó tún wọlé, ọ̀rẹ́ mi forí gbá àjà, ó tún ibẹ̀ náà ṣe. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà fi èdè tó le sọ, ó sọ ọ́ di èdè tí èèyàn ń sọ nílé. Ẹ̀mí ọ̀fẹ́ náà wá di ohun tí ìyá àgbà lè bá sọ̀rọ̀.

Ó ku ibì kan. Nígbà tí ẹ̀mí náà fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ òfìfo tí wọ́n fi ń dán an wò, ó bi Ọdẹ́kúnlé pé, "Odidi ni, àbí abala?" Ọ̀rẹ́ mi kò mọ ohun tó ń bi òun. Kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó ní, "Odidi," nítorí ọdẹ kì í ṣe ohun abala. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwẹ̀ró ti gbé ẹfun sókè. Ó ní, "Ojú rẹ ṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, ìyá."

"Bí kò bá yé ọ, wí. Abéèrè kì í ṣìnà."

Ọdẹ́kúnlé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ti ará ilé nìyẹn, ìyá. Bí ọdẹ bá ń béèrè ọ̀nà nínú igbó, ta ló máa tẹ̀ lé e mọ́?"

Arúgbó wò ó títí. Ó sọ ẹfun kalẹ̀. Ó da ẹ̀mí náà sínú àdó kékeré kan, ó dì í lẹ́nu, ó ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Ọ̀la ni ìpà nígbà tó dé. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo ọdẹ wà nílẹ̀ lágbàlá Ọdẹ́wùmí. Mo gbé ẹ̀rọ jáde, Ọdẹ́kúnlé fi àdó náà kàn án lára. Háà, ẹ̀rọ tí a ti ń pè lókùú! Ó tàn. Ojú kan tó tutù yọ níbẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ fọwọ́ kàn mí níbí." A fọwọ́ kàn án. Ó tún fi ibòmíràn hàn wá, ọwọ́ èmi alára ló kàn án, mi ò kọsẹ̀, kò sẹ́ni tó kọsẹ̀. Àwọn ọdẹ hó yèè. Àwọn kan ti ń yìnbọn sókè.

Ẹ̀mí náà wá ní, "Odidi ni, àbí abala?"

Ọdẹ́kúnlé gbójú sókè, ó wo ojú mi. Ẹ̀yin ará, mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ pé mo ní, "Ọ̀rẹ́, dúró ná, kò yé mi," yóò dúró. Ṣùgbọ́n ọdẹ mẹ́tàlélógún ló ń wò wá, èmi sì ni mo fi ẹ̀fọn ṣe ìrọ̀rí. Mo mi orí bí àgbà tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ó ní, "Odidi."

A gbọ́ ìró kan nínú ẹ̀rọ bí ìgbà tí wọ́n ń da ọkà sílẹ̀. Láàrin ìró náà, a gbọ́ ikọ́ Ọdẹ́wùmí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ikọ́ tó ń húkọ́ nínú ọyẹ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ó dákẹ́. Ẹ̀mí náà ní, "Mo ti gba gbogbo ilé. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ mọ́ àyàfi èmi. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?" Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ọdẹ́kúnlé ń fọwọ́ gbá gíláàsì náà, ó ń ké pé, "Bàbá! Bàbá!" Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

A ṣe ìpà náà lọ́jọ́ kejì. A kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ. Nígbà tó kan ohùn ilé, Ọdẹ́kúnlé la ẹnu. Ó pe bàbá rẹ̀. Ó pe bàbá bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ tó mọ̀ parí sí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a gbè é. A gbé ẹrù náà sínú igbó, a padà sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Ọdẹ́wùmí wà létí oko ẹ̀gẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó lé ìgalà kan sá mọ́ mi lójú. Mo kí i. Ó tún padà sétí oko.

Ọdẹ́kúnlé padà sí Ìlú Àáró. Níwájú gbogbo àgbà wọn ló ti fọwọ́ kan ilẹ̀ tó ní, "Ibí ni mo ti kọsẹ̀, ìyá. Mo purọ́ fún yín." Àwẹ̀ró ṣàlàyé fún un pé abala ni kí ẹ̀mí jókòó sí igun kan kó má fọwọ́ kan ẹrù onílé, odidi sì ni kó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Arúgbó náà sunkún. Ó ní òun ni òun jẹ̀bi, òun rí ojú rẹ̀ tó ṣẹ́, kí ojú má baà tì í ni kò jẹ́ kí òun tún bi í. Ó fi ẹfun síbẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀mí ọ̀fẹ́ náà lónìí, ohun tí yóò bi yín ni pé, "Ẹrù ẹnì kan wà nínú ilé yìí. Bí mo bá gba gbogbo rẹ̀, ẹrù náà yóò parun, kò sì ní padà mọ́. Ṣé kí n gbà á?" Ọ̀pọ̀ ohùn òkú ni ìbéèrè yẹn ti yọ. Ọdẹ́kúnlé kò padà wálé mọ́. Wọ́n ní ó ń gbé ọ̀dọ̀ arúgbó náà, ó ń bá a gbé ẹfun.

Òjò ti dá, ìtàn mi náà sì ti dá. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jogún ìbọn mi, èyí tí kò bá yé yín nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ yín láti ọdún yìí wá, títí kan ti òní, ẹ bi mí kí ẹ tó dìde. Mo ní ẹ bi mí. Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yéé mi orí sí mi.